Ọkùnrin Abìyẹ́ Inú Ìwé Kunda

Èmi kì í ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ojú ìwé ìparí ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí. Bí mo bá ti mọ ẹni tó ṣekú pa olóògbé, ara mi á balẹ̀, màá wá padà síwájú láti máa wo bí apànìyàn náà ṣe ń purọ́ fún gbogbo ayé, tí èmi nìkan sì ti mọ̀. Ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni tèmi, bí mo sì ṣe ń kà wọ́n nìyẹn láti ìgbà tí mo ti mọ̀wé kà. Àwọn kan ní mò ń ba ìwé jẹ́. Kí ló kàn wọ́n? Ṣé àwọn ni wọ́n bá mi rà á?

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, àwo funfun kan wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù mi, àwo mìíràn dé e lórí. Alárinà ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Mwila ló gbé e wá. Kò sí ilé àwa Bemba kan ní ìlú Kitwe, ní Zambia níbí, tí kò mọ ohun tí irú àwo bẹ́ẹ̀ ń bèèrè. Bí a bá ṣí i, a ti gbà kí ọmọkùnrin náà fẹ́ ọmọ wa nìyẹn. Bí a bá dá a padà láìṣí, kó wá ìyàwó lọ síbòmíràn. Ọmọ tí wọ́n ń tọrọ ni Kunda, ọmọ ọmọbìnrin mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Chola, ọmọ mi ọkùnrin, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló máa dáhùn lórúkọ ẹbí, ṣùgbọ́n èmi ni wọ́n ní kí n yẹ inú ọmọ wò. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń kọ́ àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ní àdúgbò wa, mi ò sì tíì rí ọmọbìnrin tó lè fi inú rẹ̀ pamọ́ fún mi. Àfi Kunda.

“Ṣé o mọ ọmọkùnrin náà?” Mo bi í bí a ṣe máa ń bèèrè.

“Mo mọ̀ ọ́n, Mbuya.” Mbuya ló máa ń pè mí, torí èmi ni ìyá ìyá rẹ̀.

“Ṣé ká ṣí àwo?”

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. “Ẹ jẹ́ n ṣì máa rò ó ná.”

“Kí lo fẹ́ rò? Ṣé ó ní ìyàwó níbì kan ni?”

“Rárá o.”

“Ọtí ńkọ́?”

“Munkoyo tí kì í pa ènìyàn nìkan ló ń mu, Mbuya, òun náà sì rèé, ṣúgà ló máa ń dà kún inú ẹ̀.”

“Ṣé ẹnu ẹ̀ ń rùn ni?”

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó gbé báàgì rẹ̀, ó gba ilé ìtajà oògùn tó ti ń ṣiṣẹ́ lọ. Bó ṣe ń ṣe mí nìyẹn lójoojúmọ́. Ó di ọjọ́bọ̀, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé ìwé kan lé mi lẹ́sẹ̀. Ìwé náà nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Ọkùnrin kan wà lára èèpo rẹ̀ tó dúró sórí òkè nínú kùrukùru, ìyẹ́ ńlá méjì lẹ́yìn rẹ̀, àyà rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu.

“Ẹ̀wù ọkùnrin yìí dà?”

“Mbuya, ẹ̀wù wo ló máa gba ìyẹ́ kọjá?”

“Òtútù á pa á síbẹ̀.”

“Ẹ kà á. Ìwé ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n inú ayé onídán ni wọ́n ti ń fẹ́ra. Tí ẹ bá kà á, ẹ sọ fún mi bóyá irú ìwé tí ẹ lè fẹ́ràn ni àbí kì í ṣe irú ẹ̀, kí ẹ sì sọ ìdí ẹ̀. Ẹ má tàn mí o. Ìgbà náà lèmi náà á sọ tinú mi.”

“Kí ló kan ọkùnrin abìyẹ́ nínú ọ̀rọ̀ àwo?”

“Ẹ ṣáà kà á.”

Ó wọlé lọ. Mo gbé ìwé náà dání, mo ń yí i síwá sẹ́yìn. Mo fẹ́ mọ̀ lóòótọ́. Kí ni ọmọ tó kàwé oògùn yanjú ń wá nínú irú nǹkan báyìí? Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ṣí ojú ìwé ìparí. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ileth ti ilẹ̀kùn òkè náà lẹ́yìn ara rẹ̀, ó ju kọ́kọ́rọ́ sínú odò. Tamrin, ọkùnrin abìyẹ́ yẹn, dúró ní ìhà kejì, ó ń wò ó, kò sì sọ ohunkóhun. Ibẹ̀ ló parí sí.

Mo pa ìwé dé. Ó ti yé mi. Ta ni ọkùnrin tí kì í sọ ohunkóhun? Mwila ni! Ọmọ tó wá tún fíríìjì mi ṣe, tó fi ìka pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ kí mi lẹ́nu ọ̀nà, tó wọ abẹ́ ẹ̀rọ lọ, tó tún un ṣe, tó tún pàtẹ́wọ́, tó bá tiẹ̀ lọ. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni “Ó ti ń tutù, Mama.” Kunda kò fẹ́ ẹ, ojú ló ń tì í láti sọ, ló bá fi ìwé ránṣẹ́ sí mi. Inú mi bàjẹ́. Mo fẹ́ràn ọmọ náà, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n mo gbé fóònù, mo pe Chola.

“Ọmọ ò gbà. Jẹ́ kí alárinà wá gbé àwo ẹ̀.”

“Màmá, ó sọ ọ́ fún yín?”

“Kò sọ ọ́. Mo rí i ni.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ìgbà wo ni mo ṣì í rí?”

Chola kò bá mi jiyàn. Ó pe alárinà kó wá lọ́jọ́ Sátidé.

Lọ́jọ́ ẹtì, mo mú ìwé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí mo ti kà tán, mo forí lé ọ̀dọ̀ Ba Jere tó ń ta ìwé ní ọjà Chisokone láti lọ pààrọ̀ rẹ̀. Mo fi ìwé Kunda sínú àpò kan náà. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe lọ́jà. Ó jọ pé mo fẹ́ rí ẹni tí màá bú u lójú rẹ̀ ni.

Ará Ngoni ni Ba Jere, àwa Bemba àti àwọn kì í sì í kí ara wa láìfi èébú ṣeré: wọ́n á ní ọ̀bọ là ń jẹ, àwa náà á ní eku ni wọ́n ń jẹ. Bó ṣe rí mi lókèèrè ló ti pariwo.

“Ìyá Chola! Ọ̀bọ mélòó lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?”

“Bi ara ẹ léèrè nípa eku ná. Ológbò ò rí nǹkan jẹ mọ́ ládùúgbò yín, gbogbo wọn ti kó wá sọ́dọ̀ wa.”

Àwọn tó ń wo ìwé rẹ́rìn-ín. Mo yọ ìwé Kunda, mo jù ú sórí tábìlì. “Ìwé yìí ò dáa.”

Mo gbàgbé òfin tábìlì rẹ̀. Lọ́dọ̀ Ba Jere, ẹni tó bá ní ìwé kan kò dára gbọ́dọ̀ dúró níbẹ̀ kó sọ ìdí rẹ̀, kí gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ gbọ́. Ó ní bí òun ṣe ń mọ ìwé tí òun máa tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Ó ká ọwọ́ sáyà. “Ẹ rò ó fún wa.”

“Kí ló wà níbẹ̀ tí màá rò? Ọkùnrin kò sọ̀rọ̀, obìnrin ju kọ́kọ́rọ́ sódò, ó parí. Wọ́n ní ìwé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ wo ló wà níbẹ̀?”

Ba Jere wò mí. “Ẹ ti kà á tán?”

“Mo ka ìparí ẹ̀.”

Ọkùnrin yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. “Ẹ gbọ́ o! Bemba ka ìparí ìwé onídán! Ìyá Chola, apá kìíní nìyẹn. Mẹ́ta ni wọ́n. Nínú irú ìwé yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ya àwọn méjèèjì ní ìparí apá kìíní, kí ẹ lè sáré padà wá bá mi. Ìyẹn kì í ṣe ìparí. Wọn ò tíì ju iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ wá ń sọ pé ó tẹ́.”

Ojú tì mí, inú sì bí mi. Obìnrin kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi etí aṣọ chitenge rẹ̀ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. Ṣé mo ti wá tìtorí ìwé tí mi ò kà lé ọkọ ọmọ dànù?

“Apá kejì dà? Ẹ mú un wá kí n ka ìparí tiẹ̀.”

“Ó ti lọ. Àná ni mo tà á. Ọmọkùnrin gíga kan báyìí, àpò irinṣẹ́ lọ́rùn. Ó ti kọ́kọ́ ra apá kìíní. Ó padà wá, ó ní àwọn oyin inú ẹ̀ ò yé òun, ó bi mí bóyá lóòótọ́ làwọn obìnrin fẹ́ràn ẹ̀. Mo ní kó lọ bi obìnrin kan. Ó ní òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń bèèrè. Ló bá tún ra ìkejì! Mo ní ọmọ yìí, ṣé nǹkan kan ń ṣe ẹ́ ni?”

Ohun tí mo máa ń fẹ́ kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ bèèrè nínú ìwé ni mo bèèrè. “Ṣé àpá iná wà lọ́wọ́ òsì ẹ̀?”

“Ẹ mọ̀ ọ́n ni?”

Mo ti kó ìwé Kunda padà sínú àpò. Mo ti gbé àpò mi. Mo ti rí àpá náà rí, lábẹ́ fíríìjì mi.

Mo pe Chola láti ẹnu ọ̀nà ọjà pé kó dá alárinà dúró. Ó ní alárinà ti lọ kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní ìlú Luanshya, ibẹ̀ ló ti máa wá tààrà lọ́la, fóònù rẹ̀ kò sì lọ. “Màmá, ẹ ní ó dá yín lójú!” Mo ní kó dákẹ́ ẹnu.

Ohun kan ṣoṣo ló kù fún mi. Kunda kò ní ṣí inú rẹ̀ àfi bí mo bá ka ìwé yẹn, mi ò sì lè fi irọ́ bá ọmọ yẹn lò, ó máa bi mí léèrè ojú ewé. Mo gbọ́dọ̀ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, bí àwọn tó kù ṣe ń kàwé.

Ní àárọ̀ Sátidé, iná ti lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn oníná. Mo gbé ẹ̀wà ka iná èédú nínú ọgbà, mo jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, mo ṣí ojú ewé kìíní. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn nira. Mo ń ṣe họ̀ọ́ sí àwọn ènìyàn inú ẹ̀. Wọ́n ń mí kanlẹ̀ jù. Àyà wọn ń já ní gbogbo ìgbà, bí ẹni pé wọ́n ní àrùn ọkàn. Kò sẹ́ni tó ń dáná níbẹ̀. Kò sí ẹ̀gbọ́n ìyá ẹnì kankan tó béèrè pé ta ni ọkùnrin yìí, ilé wo ló ti wá. Tamrin fò wọlé lójú fèrèsé, kò kí ẹnikẹ́ni! Nígbà tí wọ́n sì dé ibi tí àwọn méjèèjì ti wà nínú yàrá, èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ kíkọ́ ìyàwó, mo rí i pé ẹni tó kọ ìwé náà kò gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ṣùgbọ́n àwọn oyin yẹn. Iṣẹ́ Ileth ni láti máa tọ́jú oyin ààfin, ó sì lè fi etí gbọ́ ọ̀wọ́ oyin tó fẹ́ ṣí kúrò nínú ilé rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí. Mo fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣe é. Mo ṣí ojú ewé kan, mo ṣí òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí bá a sọ̀rọ̀. “Má gba òrùka yẹn, ọmọ yìí. Mo ní má gbà á!” Ó gbà á. Mo lu itan mi.

Ohùn kan sọ lẹ́yìn mi pé, “Ìyá Chola, ta lẹ ń bá wí?” Alárinà ti dé. Àgbà ọkùnrin ni, ó wọ kóòtù nínú ooru yẹn nítorí iṣẹ́ tó bá wá. “Chola ní kí n wá gbé àwo.”

“Ẹ jókòó, bàbá. Ó kù díẹ̀.”

“Díẹ̀ kí ni?”

“Ojú ewé.”

Mo bu ẹ̀pà fún un. Ó wo ìwé, ó wo ọkùnrin tí kò wẹ̀wù, ó mi orí. Kò pẹ́ tó fi sùn lọ lórí àga.

Mo dé ibì kan. Tamrin bi Ileth pé, “Kí lo fẹ́?” Kò sí ẹni tó bi ọmọbìnrin náà bẹ́ẹ̀ rí, kò sì mọ ohun tó máa fi dáhùn. Tamrin pa ìyẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó jókòó sórí òkúta. Òjò rọ̀ lé e lórí, oyin ń bà lé e léjìká, kò bèèrè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń dúró ni. Nígbà tí Ileth sọ̀rọ̀ tán, ilé ló ní òun fẹ́ lọ, Tamrin sì dìde, ó lọ ṣí ilẹ̀kùn òkè fún un. Mo tún ibẹ̀ kà. Mo tún un kà sí i. Nígbà tí mo wá dé ojú ìwé ìparí, níbi tó ti dúró tí kò sọ ohunkóhun, omi bọ́ lójú mi. Ọkùnrin náà kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Ó ṣì ń dúró de ohun tí ọmọbìnrin náà máa sọ.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ òórùn. Ẹ̀wà mi ti jóná di èédú.

Kunda wọlé láti ibi iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ó rí alárinà tó ń hanrun, ojú rẹ̀ ṣú. “Mbuya, ẹ ti dá àwo padà?”

“Àwo wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Jókòó, kí n sọ ti ìwé rẹ.”

Ó jókòó sórí ẹní níwájú mi.

“Tí o bá ní ṣé irú ìwé tèmi ni, mi ò tíì lè sọ. Wọ́n ń mí kanlẹ̀ jù fún mi. Ọkùnrin yẹn ò lẹ́kọ̀ọ́, ojú fèrèsé kọ́ ni wọ́n ń gbà wọlé ẹni. Tó bá jẹ́ pé ìyẹ́ àti ìfẹnukonu nìkan ló wà níbẹ̀, mi ò bá ti dá a padà fún ẹ kó tó di àkókò oúnjẹ. Ṣùgbọ́n wo ìkòkò mi.”

Ó wò ó. “Háà! Mbuya, ẹ jó ẹ̀wà?”

“Ìwé tí kì í ṣe tèmi kò jó ẹ̀wà mi rí. Ibi òkúta yẹn ni. Níbi tó ti bi í pé kí ló fẹ́, tó wá jókòó sínú òjò.”

Kunda ń fa òwú etí ẹní.

“Gbogbo yín lẹ bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n. Gbogbo yín lẹ bi mí bóyá ká ṣí àwo. Òun náà, àwo ló rán sí mi. Mo fẹ́ràn ẹ̀, Mbuya. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n tí mo bá mú ìwé yìí dání lójú ẹ̀, á wò ó, á gbójú kúrò. Mi ò mọ̀ bóyá ó ti rò ó rí pé nǹkan kan wà nínú orí mi tí òun ò mọ̀. Ṣé bá a ṣe máa wà nìyẹn títí a ó fi darúgbó? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí bàbá yìí gbé àwo ẹ̀ máa lọ.”

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ahọ́n mi. Ọmọ, ó ti ka apá kìíní, ó ti ra apá kejì, oyin ni kò yé e! Kò sí ohun tó dùn mọ́ mi láyé ju kí n sọ ìparí fún ènìyàn lọ. Ẹnu ń yún mi. Mo wo ojú ọmọ náà, mo sì rí i pé bí mo bá sọ ọ́, ẹnu mi ló máa ti gbọ́ ọ, kò ní gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó ni ín. Mo gé ahọ́n mi jẹ.

Mo fi ẹsẹ̀ ta àga alárinà. “Bàbá, ẹ jí. Ẹ lọ pe Mwila wá.”

Ó ta gìrì. “Mwila? Òun fúnra ẹ̀? Ìyá Chola, láti ìgbà wo ni ẹni tó ni àwo ti ń tẹ̀lé àwo? Iṣẹ́ mi ńkọ́?”

“Iṣẹ́ yín ni kí ẹ mú un dé ẹnu ọ̀nà yìí. Ẹ sọ fún un pé kó mú ohun tó ń kà lọ́wọ́ dání.”

“Kí ló ń kà?” ni Kunda bèèrè.

“Ìwé fíríìjì, bóyá,” mo dáhùn, mo sì dìde kó má bàa rí ojú mi.

Nígbà tí oòrùn ti ń rọlẹ̀ ni wọ́n dé. Mwila dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìka pàtẹ́wọ́ jẹ́jẹ́ kí mi, òógùn bò ó. Ó fi ìwé kan há abíyá. Mo jókòó ti Kunda, mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe dúró nígbà tó rí ìyẹ́ tó wà lára èèpo ìwé náà. Ègé tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì ló fi sí àárín ojú ewé tó kà dé.

“Ìkejì nìyẹn,” ni Kunda sọ. “Ìgbà wo lo ka ìkíní?”

“Ó pẹ́ kí n tó kà á tán.” Ó wo ilẹ̀. “Mi ò mọ̀ bóyá mo fẹ́ràn ẹ̀. Àwọn oyin yẹn ṣì ń dààmú mi. Ṣùgbọ́n o máa ń rẹ́rìn-ín tí o bá ń kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo wá fẹ́ mọ ibi tó ń pa ẹ́ lẹ́rìn-ín.” Ó gbé ojú sókè. “Mo rán àwo wá, mi ò bi ẹ́ ní nǹkan kan. Kunda, kí lo fẹ́?”

Ó dúró. Kò sọ nǹkan kan mọ́.

Mo dìde kíá. Mo fa alárinà tó ti na etí sílẹ̀, mo ní kó lọ wo igi máńgòrò mi. Èmi wọ ilé ìdáná, mo ti ilẹ̀kùn, mo da ẹ̀pà sínú odó, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí gún un kíkankíkan kí n má bàa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Apá mi ń ro mí. Mo ń gún un. Láyé mi, mi ò fẹ́ mọ ìparí ohunkóhun tó ìyẹn rí.

Ẹ̀pà náà ti di ìyẹ̀fun kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Kunda ni. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ tutù. Ó kọjá lára mi, ó na ọwọ́ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àwo funfun náà wá síwájú mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó sì kúnlẹ̀.

“Mbuya, ẹ pe ẹ̀gbọ́n màmá mi kó wá ṣí i.”

Mo nu ọwọ́ mi, mo wá fóònù. Ohun tí òun àti Mwila bá ara wọn sọ, mi ò bi í léèrè títí dòní.